Ẹnu-Ọ̀nà tí Ó Ṣí Sílẹ̀: Ìtàn Bí A Ṣe Fi Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ àti Owó Táṣẹ́rẹ́ Darí Róbọ́ọ̀tì

Ohun tí ọ̀pọ̀ yín yóò máa retí lẹ́nu onítàn ni ìtàn ogun, ìtàn ọba, tàbí ìtàn bí ìlú kan ṣe tẹ̀dó. Ìtàn wáyà mẹ́jọ ni mo gbé wá.

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a fẹnu kò lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn kí a máa pè é ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Orúkọ náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí kò yára bí àṣá rárá. Bí a bá fi wọ́n wé ti òde òní, bí ìgbín ni wọ́n ń rìn. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà ni n ó máa wí. Èkejì ni mọ́tò. Mọ́tò tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí à ń wọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀rọ kékeré tí iná mànàmáná ń mú yí ni, irú èyí tí ó wà nínú fáànù àti nínú ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata. Ẹ̀kẹta ni róbọ́ọ̀tì. Karel Čapek, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Czech, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde nínú eré onítàgé kan tí ó kọ ní ọdún 1920, inú ọ̀rọ̀ èdè wọn tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́ àfipáṣe ni a sì ti yọ ọ́. Ẹ̀rọ tí ń rìn, tàbí tí ń gbé apá, gẹ́gẹ́ bí àṣẹ tí a ti kọ sílẹ̀ fún un, ni mo pè ní róbọ́ọ̀tì níhìn-ín. Kò dìgbà tí ó bá ní orí àti ojú bí ènìyàn.

Bí ẹ bá ṣí ìwé ìtàn róbọ́ọ̀tì, ilé iṣẹ́ àwọn olówó ni ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé. Wọn yóò sọ fún yín pé ní ọdún 1961 ni Unimate bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ General Motors ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti ń gbé irin gbígbóná tí ọwọ́ ènìyàn kò lè fara dà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà ní abẹ́ èyí. Ìtàn àwọn olùkọ́ ni, àti ti àwọn ọmọ ilé ìwé, àti ti àwọn tí ń fi ìrọ̀lẹ́ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ní yàrá ẹ̀yìn ilé wọn. Àwọn tí kò ní owó róbọ́ọ̀tì lọ́wọ́, tí wọn kò ní ju kọ̀ǹpútà kan tí ẹlòmíràn ti pa tì lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé iye owó nìkan kọ́ ni ó pinnu ẹni tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó pinnu rẹ̀ jù lọ ni bóyá ẹni tí ó ṣe kọ̀ǹpútà náà fi ẹnu-ọ̀nà kan sílẹ̀ lára rẹ̀, tí ẹni tí ó rà á lè gbà dé inú rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnu-ọ̀nà náà ti ṣí rí, a sì ti tì í rí. Ẹnìkan bi mí nígbà tí mo ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ pé ṣé ìtàn ni èyí, àbí iṣẹ́ mẹkáníìkì. Mo ní méjèèjì ni. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn ogun tí kò mọ bí a ṣe ń ki ìbọn, ó ní ibi tí ìtàn rẹ̀ yóò mọ.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù ni àwọn kan ti ń ṣe róbọ́ọ̀tì olówó pọ́ọ́kú. Ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàrin ọdún 1948 sí 1949, onímọ̀ nípa ọpọlọ kan tí ń jẹ́ William Grey Walter ṣe ẹ̀rọ méjì tí ń rá nílẹ̀ bí ìjàpá. Elmer ni ó sọ ọ̀kan, Elsie ni ó sọ èkejì. Àwọn ohun èlò tí ogun àgbáyé ṣẹ́kù sílẹ̀ wà lára ohun tí ó fi ṣe wọ́n. Mọ́tò méjì ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ń tì í lọ síwájú, èkejì ń yí i lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì, wọ́n sì ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbé wà kiri inú yàrá. Kò yà mí lẹ́nu pé ìjàpá ni wọ́n fi wọ́n wé. Ẹranko yìí kan náà ni àwa pẹ̀lú kó gbogbo ọgbọ́n àti ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ lé lórí nínú àlọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìjàpá Bristol kò ṣeé kọ́ ní ohun tuntun. Bí wọ́n ti so wáyà inú rẹ̀ ni ìwà rẹ̀ rí, ẹni tí ó bá fẹ́ yí ìwà náà padà ní láti tú wáyà.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ so ìjàpá mọ́ kọ̀ǹpútà ni àwọn tí ó dá èdè Logo sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ọdún 1967: Wally Feurzeig, Cynthia Solomon, àti Seymour Papert tí a bí ní South Africa. Èdè ìpàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni Logo, a ṣe é kí ọmọdé lè máa lò ó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi ṣe róbọ́ọ̀tì kan tí ń rìn lórí ilẹ̀ pẹ̀lú gègé ìkọ̀wé lábẹ́ ikùn rẹ̀, tí ó ń ya àwòrán bí ó ti ń lọ. Ọmọdé yóò pàṣẹ pé kí ó lọ síwájú ní ìwọ̀n báyìí, kí ó yà sọ́tùn-ún ní ìwọ̀n báyìí, yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá àṣẹ òun tọ̀nà. Èrò náà dára púpọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ìgbà náà kì í ṣe ohun tí ilé ìwé lásán lè rà. Owó tí a ó fi ra kọ̀ǹpútà kan tó owó tí a fi ń kọ́ ilé. Ìjàpá kò wọ́n, ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún un ni ó wọ́n.

Ọdún 1981 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà ni ilé iṣẹ́ Sinclair ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ZX81 jáde, ní £69.95 fún ẹni tí ó bá fẹ́ èyí tí a ti tò pọ̀, àti £49.95 fún ẹni tí ó bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ Acorn, ní Cambridge bákan náà, gbé BBC Micro jáde. Èyí wọ́n ju ZX81 lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san ìdajì owó kọ̀ǹpútà kan fún àwọn ilé ìwé girama, BBC fúnra rẹ̀ sì ń fi tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ará ìlú bí a ṣe ń lò ó. Lábẹ́ kọ̀ǹpútà yìí ni a ti rí ihò kan tí wọ́n dìídì fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Wáyà mẹ́jọ ni ó jáde níbẹ̀. Wọn kò ya ihò náà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ kan pàtó. Ohun tí ó bá wu ẹni tí ó ra kọ̀ǹpútà ni ó lè so mọ́ ọn, ìlà méjì péré nínú èdè BASIC sì tó láti mú kí iná wọ inú wáyà èyíkéyìí tí ó bá fẹ́.

Láàrin ọdún méjì, oríṣiríṣi róbọ́ọ̀tì ti gba ihò wọ̀nyí wọlé sí àwọn kíláàsì. Ilé iṣẹ́ kékeré kan, Colne Robotics, ṣe apá róbọ́ọ̀tì tí ń jẹ́ Armdroid, tí mọ́tò mẹ́fà ń gbé kiri. Ní ọdún 1983 ni BBC Buggy dé, ọkọ̀ kékeré kan tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń fi ọwọ́ ara wọn tò. Ní ọdún kan náà ni Valiant Turtle dé, èyí tí kò nílò wáyà gígùn mọ́ láàrin òun àti kọ̀ǹpútà.

Bí ó ti wù kí BBC Micro dára tó, ibi tí ìtàn mi dùn sí jù kọ́ nìyẹn, nítorí ẹ̀bùn ni ihò BBC Micro. Ẹni tí ó ṣe é mọ ohun tí ó ń ṣe. Èyí tí ó jọ mí lójú jù ni ihò kan tí ẹnikẹ́ni kò fi ta àwọn olóríire lọ́rẹ. Ní oṣù Ògún ọdún 1981 ni ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde, èyí tí gbogbo ayé wá ń fara wé títí tí ó fi kún gbogbo ọ́fíìsì láti New York dé Èkó. A lè fi ihò kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí a ṣe ń fi àmì ránṣẹ́ nínú ihò náà kì í ṣe ti IBM. Ilé iṣẹ́ Centronics ni ó ti gbé e kalẹ̀ láti ọdún 1970 fún àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀. Jẹ́ kí n máa pè é ní ihò ìtẹ̀wé. Ojú 25 ni ó ní. Láti ojú 2 dé ojú 9 ni wáyà mẹ́jọ tí ń gbé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Márùn-ún mìíràn ń mú èsì padà wá, bí àpẹẹrẹ pé ìwé ti tán; àwọn róbọ́ọ̀tì yóò wá lò wọ́n láti sọ pé wọ́n ti forí sọ ògiri.

Àwọn tí ó ṣe ihò yìí kò ro ohun mìíràn ju ìwé títẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ihò náà kò mọ ẹ̀rọ tí ó wà ní òdìkejì. Ohun tí ó mọ̀ ni pé kí iná fóòtì márùn-ún wà lójú wáyà kan tàbí kí ó má sí níbẹ̀. Bí babaláwo bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, èso mẹ́jọ ni à ń wò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dojú bolẹ̀, ó sì lè ṣíjú sókè. Ọ̀nà tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè gbà balẹ̀ jẹ́ 256, iye Odù Ifá sì nìyẹn. Iye yìí gan-an ni oríṣi àmì tí wáyà mẹ́jọ ihò ìtẹ̀wé lè fi ránṣẹ́. N kò sọ pé àwọn baba wa ni ó ṣe kọ̀ǹpútà o. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn lẹ́nu, kì í sì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìṣirò kan náà ni, àti pé ẹni tí ó bá mọ ìdí tí Odù fi jẹ́ 256 ti mọ ìdajì ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ nípa ihò ìtẹ̀wé.

Ìdajì kejì nìyí. Wáyà kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: 1, 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128. Ihò náà sì ní àdírẹ́ẹ̀sì nínú kọ̀ǹpútà, bí ojúlé ti ń ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà 888 ni ó wọ́pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iná wọ wáyà kìíní àti ìkẹta yóò ro 1 pọ̀ mọ́ 4, yóò sì kọ ọ́ ní BASIC pé OUT 888, 5. Ó tán. Kò sí ìwé àṣẹ, kò sí ẹ̀rọ agbódegbà, kò sí owó tí a ó san fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún méjìlá lè kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ kan.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá so mọ́tò mọ́ wáyà yìí tààrà yóò sun kọ̀ǹpútà rẹ̀ níná. Iná tí ó wà nínú wáyà náà kò tó nǹkan. Ó tó láti tan ìmọ́lẹ̀ pínńpín kan, kò tó láti yí mọ́tò tí ó lè gba ìdajì áńpù. Bí ọba bá fẹ́ kí a tún ọ̀nà oko ṣe, kò ní gbé ọkọ́ fúnra rẹ̀. Yóò rán akéde jáde, àwọn ọmọ ìlú ni yóò sì fi agbára wọn ṣe iṣẹ́ náà. Akéde ni wáyà wa, iná fóòtì márùn-ún sì ni agogo rẹ̀. Àwọn tí ó ní agbára ni tìràńsísítọ̀, tí ń gba iná láti inú bátìrì mìíràn tí kò kan kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ Sprague ti ṣe ṣípù kan tí ń jẹ́ ULN2003, tí ó ní irú akọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ méje nínú ara kan ṣoṣo, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gbé ìdajì áńpù. Owó rẹ̀ kéré jọjọ. Ó tún ní ohun kan tí àwọn tí kò ní sùúrù máa ń gbàgbé nígbà tí wọ́n bá ń fi ọwọ́ ara wọn to tìràńsísítọ̀: bí a bá já iná lára mọ́tò lójijì, wáyà tí a ká sínú rẹ̀ máa ń ta iná ńlá kan padà sẹ́yìn, iná yìí ni ó sì ń pa tìràńsísítọ̀. Dáyóòdù ni ó ń dá a lẹ́kun, ó sì ti wà nínú ULN2003 tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé ṣípù kékeré yìí ṣe fún àwọn aláìlówó ju ọ̀pọ̀ ètò ìjọba lọ.

Irú mọ́tò tí a ó lò wá kù. Mọ́tò lásán ń yí lọ ràì, kò sì sí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè mọ ibi tí ó dé bí a kò bá fi ojú mìíràn ṣọ́ ọ. Èyí tí ó bá iṣẹ́ wa mu ni mọ́tò onígbèsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò yìí ń rìn. Wáyà mẹ́rin ni à ń fi darí rẹ̀. Bí a bá fi iná sí èkíní, ó sún díẹ̀, ó dúró. Bí a bá mú iná kúrò níbẹ̀ tí a fi í sí èkejì, ó tún sún. Lára oríṣi tí ó wọ́pọ̀ jù, ìgbésẹ̀ 200 ni ó pé àyípo kan. Ẹni tí ó bá ti ka ìgbésẹ̀ mọ ibi tí mọ́tò dé, àyàfi bí ẹrù bá wúwo jù tí mọ́tò fi yọ̀ lẹ́sẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀.

Mẹ́rin fún mọ́tò kan, mẹ́rin fún èkejì: mẹ́jọ. Wáyà ihò ìtẹ̀wé tó gẹ́lẹ́ fún táyà méjì. Bí a bá kọ 17, 34, 68, 136 ránṣẹ́ ní títẹ̀lé ara wọn, mọ́tò méjèèjì ń gbé ìgbésẹ̀ lọ sí apá kan náà. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ara wọn lábẹ́ ọkọ̀, ńṣe ni ọkọ̀ náà yóò máa yí lójú kan bí òòyì. Bí a bá kọ 24, 36, 66, 129, ọ̀kan ń lọ síwá, èkejì ń lọ sẹ́yìn, ọkọ̀ yóò sì lọ tààrà. Mo ti rí i tí àwọn ọmọ ilé ìwé lo ìwé kan odidi láti wá nọ́ńbà mẹ́rin yìí fúnra wọn, tí inú wọn sì dùn ju bí ẹnìkan bá ti sọ ọ́ fún wọn lọ. A sì gbọ́dọ̀ sinmi díẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàrin nọ́ńbà kan àti èkejì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mọ́tò yóò kàn máa kùn ni, kò ní yí.

Ibi tí mọ́tò onígbèsẹ̀ ti ń wá ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ti ẹni tí kò lówó. Inú ẹ̀rọ tí ń ka díìsìkì pẹlẹbẹ ti kọ̀ǹpútà àtijọ́, mọ́tò onígbèsẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ń gbé ojú tí ń ka díìsìkì lọ síwá sẹ́yìn. Inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ń fi abẹ́rẹ́ tẹ lẹ́tà, a máa ń rí méjì: ọ̀kan ń fa ìwé, èkejì ń gbé orí ìtẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà tí ọ́fíìsì kan kó sílẹ̀ nítorí pé ó ti gbó, òun pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ti gbé ọpọlọ róbọ́ọ̀tì, ẹnu rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dání. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ohun tí ó kù kí a rà ni ṣípù méjì, bátìrì kan, àti òjé ìjówáyà.

Ní ọdún 1993 ni ilé iṣẹ́ Microsoft gbé Windows NT jáde, ẹnu-ọ̀nà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Nínú ètò yìí, bí ẹnìkan bá kọ àṣẹ tí ó fẹ́ fọwọ́ kan ihò tààrà, kọ̀ǹpútà yóò dá àṣẹ náà dúró. Ní Windows 95 àti 98, ihò ṣì ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Windows XP, ọmọ bíbí inú NT, wọ ilé gbogbo ènìyàn ní ọdún 2001, OUT 888, 5 kò tú ìrun kan lára mọ́tò mọ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìkà. Bí iṣẹ́ mẹ́wàá bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú kọ̀ǹpútà, kò yẹ kí ọ̀kan lè já wáyà mọ́ èkejì lọ́wọ́. Ìyẹn tọ̀nà. Láti ọdún 1996 ni USB sì ti ń rọ́pò ihò ìtẹ̀wé, kò sì pẹ́ tí àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ fi yọ ihò náà kúrò pátápátá. USB yára, ó sì rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ ju pé kí ó ki wáyà bọ ihò lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe wáyà tí a lè tan, tí a sì lè pa. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba inú rẹ̀ darí mọ́tò gbọ́dọ̀ ní ṣípù mìíràn lódìkejì tí ó gbọ́ èdè USB, èdè náà sì ní ìlànà púpọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń sọ pé èmi ń ṣọ̀fọ̀ ohun tí kò kú. Wọ́n ní ihò ìtẹ̀wé kò fìgbà kan jẹ́ ti róbọ́ọ̀tì, àti pé ojú rẹ̀ jóná lọ́wọ́ aláìmọ̀kan tó bẹ́ẹ̀ tí àìsí rẹ̀ fi jẹ́ àánú. N kò jiyàn nípa èyí tí ó jóná. Ohun tí mo rí ni pé láàrin ìgbà tí ihò náà tì àti ìgbà tí òmíràn ṣí, àwọn ọmọ tí ó ní kọ̀ǹpútà nílé pọ̀ sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà wọn lè gbà fọwọ́ kan ohun tí ó wà lóde ara rẹ̀ sì dín kù. Kọ̀ǹpútà lágbára sí i, ẹni tí ó ni ín sì di àlejò nínú rẹ̀.

Àwọn kan kò gbà. Ní àwọn ọdún 1990, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n, NIST, ṣe ètò kan fún dídarí ẹ̀rọ tí ń gé irin. Gbogbo ayé ni ó ní ètò náà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ gbà á, wọ́n tún un ṣe lórí Linux, LinuxCNC sì ni orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí. Linux kò ti ihò ìtẹ̀wé mọ́ ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà lójú. Àṣẹ kan péré ni ó ń béèrè. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí ń lo ètò yìí ni ó ń wá kọ̀ǹpútà tábìlì àtijọ́ kiri, kì í ṣe nítorí owó nìkan. Kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ máa ń yẹ iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá kékeré láti tọ́jú bátìrì àti ooru ara rẹ̀, mọ́tò onígbèsẹ̀ kì í sì í forí jì ẹni tí ó bá pa àkókò jẹ. Arúgbó tí ó ń ṣe nǹkan kan ṣoṣo ni ó ń lu ìlù náà gún.

Òmíràn ṣí nígbà tí ó yá. Ní Ivrea ní Ítálì, ní ọdún 2005, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ Arduino, pátákó kékeré kan tí ó gbọ́ USB ní ìhà kan, tí ó sì ní wáyà tí a lè tan tí a sì lè pa ní ìhà kejì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èrèlè ọdún 2012 ni Raspberry Pi dé láti Cambridge, kọ̀ǹpútà odidi ní dọ́là 35. Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ohun tí ó sún wọn ṣe é ni pé àwọn ọmọ tí ń wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kò mọ tó ti àtijọ́ mọ́. Wọ́n pe oríṣi tí wọ́n ṣe ní Model A àti Model B, bí Acorn ti ṣe pe BBC Micro. Ojú wáyà 26 ni ó jáde lára rẹ̀, ní gbangba, fún ẹnikẹ́ni.

Ìlẹ̀ Adúláwọ̀ wà nínú ìtàn yìí, kò sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹwòran. Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ African Robotics Network, tí Ayorkor Korsah ti yunifásítì Ashesi ní Ghana àti Ken Goldberg ti yunifásítì California ní Berkeley dá sílẹ̀, pe àwọn ènìyàn kí wọ́n wá ṣe róbọ́ọ̀tì ìkẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí dọ́là 10 lọ. Lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn ni Tom Tilley, tí ó ń gbé ní Thailand. Ohun tí àwọn ọmọdé fi ń gbá eré lórí tẹlifíṣọ̀n ni ó tú. Mọ́tò méjì tí ń mú un gbọ̀n lọ́wọ́ ni ó sọ di ẹsẹ̀ róbọ́ọ̀tì. Súìtì onígi méjì ni ó gbé sórí ọ̀pá tí àtàǹpàkò ń tì, tí wọ́n á fi mì bí róbọ́ọ̀tì bá kọlu nǹkan, kọ̀ǹpútà yóò sì mọ̀. Gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 8.96. Kíyè sí i pé ẹnu-ọ̀nà ni òun náà wá: nǹkan ìṣeré yẹn gbọ́ èdè USB tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ẹsẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀.

Ti ẹnu-ọ̀nà èbúté wa ní Èkó ṣòro sọ ju èyí lọ. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network tẹ ìròyìn kan jáde nípa ẹ̀rọ alákùúfọ́ tí ń wọlé sí Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé àpótí ńlá bí 500 ni ó ń dé lóṣooṣù, àti pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí ó wà nínú wọn ni kò ṣeé tún ṣe, tí kò sì ṣeé tà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a sun lórí ààtàn. Òjé wà nínú èéfín náà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó da ìdọ̀tí rẹ̀ sí wa lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú òkìtì yẹn kan náà, mọ́tò onígbèsẹ̀ wà níbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ihò ìtẹ̀wé sì wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà, nígbà tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa ń retí owó tí yóò fi ra èyí tí a ṣe fún ẹ̀kọ́ láti òkè òkun. Ilé ìwé kan tí mo dé ní kọ̀ǹpútà mọ́kànlá nínú yàrá ìkẹ́rù, gbogbo wọn ṣì ń tan, gbogbo wọn ní ihò ìtẹ̀wé. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a kó wọn dànù.

Àwọn kan ní Lomé, ní orílẹ̀-èdè Togo, kò dúró de òkè òkun. Ní ọdún 2013, Kodjo Afate Gnikou, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní WoeLab, ṣe ẹ̀rọ kan tí ń yọ́ ike, tí ń tò ó ní ìpele lórí ìpele títí yóò fi di ife, jíà tàbí ohun mìíràn tí a bá ti ya àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Róbọ́ọ̀tì ni, bí a ti ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀rẹ̀: orí rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, sósì, sókè àti sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan. Inú àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ìwé, àti kọ̀ǹpútà tí a ti kó dànù ni wọ́n ti tú èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà ara rẹ̀. Nǹkan bí dọ́là 100 ni ó ná wọn, fún àwọn ẹ̀yà díẹ̀ tí wọn kò rí lórí ààtàn.